Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Ọwọ́ Òṣìṣẹ́

Ìgbà kẹta tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ tẹ àtàǹpàkò mọ́ gíláàsì ẹ̀rọ náà láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, iná pupa tàn, ẹ̀rọ sì ké fáí bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló jáde lójú rẹ̀: KÒ WÁ.

"Ta ni kò wá? Èmi tí mo dúró síwájú ẹ rèé," ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ wí.

Ẹ̀rọ ò dá a lóhùn. Géètì irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò sì mira.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dúró sí. Òun ló ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù nílé ìfọṣọ náà. Bó bá ti kẹ̀kẹ́ kan láàárọ̀, oòrùn á ti kan àtàrí kó tó ti èkejì, ibẹ̀ sì ni orúkọ tí wọ́n ń pè é ti wá. Ó na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ Ìyá Ọlọ́ṣẹ kọjá, ó fi àtàǹpàkò kan gíláàsì bí ẹni tó ń tọ́ omi wò. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Géètì ṣí gbayawu.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹ̀rọ yìí nìkan ló gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀."

"Ọwọ́ ló gbà. Kò tíì rí ẹsẹ̀ tó ò ń wọ́ nílẹ̀."

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan ni ibẹ̀, mọ́kànlá sì ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀dí iṣẹ́ náà á rò pé ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́rin tó ń pariwo nínú yàrá ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò gbọ́dọ̀ fojú kan omi gbígbóná. Omi gbígbóná á se ẹ̀jẹ̀ mọ́ aṣọ bí ìgbà tí èèyàn se ẹyin, kò sì ní kúrò mọ́ títí aṣọ á fi gbó. Nítorí náà, kí aṣọ ibùsùn aláìsàn tó wọ inú ẹ̀rọ, ọwọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́ nínú omi tútù, pẹ̀lú ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì àti bílíìṣì, wọ́n á sì máa fi àtàǹpàkò ọ̀tún ra ojú àbàwọ́n títí á fi kúrò. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ò ní mọ ìgbà tí òwú aṣọ bá fẹ́ já. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Òun ló ń po ọṣẹ fún gbogbo wọn, ó sì mọ ìgbà tí ọṣẹ bá fẹ́ omi sí i bí abiyamọ ṣe ń mọ igbe ebi yàtọ̀ sí igbe oorun.

Oṣù méjì sẹ́yìn ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀ka wá sẹ́nu géètì. Ìgbà mẹ́ta ló ń gba èèyàn láyè láti tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Bí kò bá dá ìka náà mọ̀ nígbà kẹta, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni yẹn ò wá síṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè pa á rẹ́. Bí KÒ WÁ bá pé mẹ́ta nínú oṣù kan, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á fi tó olú ilé-iṣẹ́ létí, orúkọ ẹni náà á sì kúrò nínú ìwé òṣìṣẹ́. Báyìí ni iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Kékeré lóṣù tó kọjá, obìnrin tí òun àti Ìyá Ọlọ́ṣẹ jọ ń lo ọpọ́n kan náà. Bàtà rọ́bà rẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá ògiri. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò gbà á láti gbé e kúrò.

KÒ WÁ ti òní ló di méjì fún Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Oṣù sì ku ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ohun tó tún ká a lára ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé wọn ò ní kó padà sílé. Ilẹ̀kùn kan wà lẹ́yìn, ibi tí kẹ̀kẹ́ ẹrù ń gbà wọlé. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń ṣí i fún àwọn tí ẹ̀rọ bá kọ̀. "Ẹ gba ẹ̀yìn, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ ti kún ilẹ̀," ni yóò máa wí. Wọ́n á bá aṣọ ìdọ̀tí wọlé, wọ́n á ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ á sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé wọn ò wá.

"Ọ̀gá," ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ wí bó ṣe ń wọlé, "ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín ṣílẹ̀kùn fún mi. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo wá."

Ọ̀gá ò burú léèyàn. Ẹ̀rù olú ilé-iṣẹ́ ló ń bà á bí òròmọdìẹ tó rí òjìji àṣá. "Ìyá, ká ní ọwọ́ mi ló wà ni. Kì í ṣe èmi o. Ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ kì í sì í purọ́."

"Kì í purọ́ lóòótọ́," ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ dáhùn. "Ó kàn ń jẹ́rìí ohun tí kò rí ni."

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ jókòó lórí àga, ó ń fi epo pa àtẹ́lẹwọ́. Bíríkìlà ni. Sìmẹ́ńtì ti jẹ ọwọ́ rẹ̀ débi pé ó lè gbé ìkòkò kúrò lórí iná láìfi aṣọ dì í mú.

"Bàbá wọn, ó ku ẹyọ kan."

"Ẹyọ kí ni?"

"KÒ WÁ ẹyọ kan, kí n wá di ẹni tí yóò máa jókòó sílé wò yín lójú."

"Ìyẹn ò kúkú burú. Mo ṣeé wò." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín náà mì. "Gbogbo ẹ̀rọ tó ń wo ìka, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣé o rántí fóònù tí àbúrò rẹ fún mi, èyí tí wọ́n ní kí n máa fi ìka ṣí? Kò ṣí fún mi rí. Àfi ìgbà tí mo já bọ́ lórí àkàbà tí ẹsẹ̀ mi dá, tí mo jókòó sílé fún oṣù méjì. Ṣàdédé ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Mo ní àánú ló ṣe é. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó tún kọ̀. Inú bí mi, mo gbá a létí."

"Ẹ gbá fóònù létí?"

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wà tó jọ etí."

Lọ́jọ́ mìíràn, Ìyá Ọlọ́ṣẹ ì bá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ńṣe ló dìde. "Ẹ tún un sọ. Ìgbà tí ẹ jókòó sílé ló ń ṣí?"

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ò jìnnà nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan tó ní súkúrù nínú ilé náà tí kò tíì tú rí. Ó ti tú rédíò, ó ti tú áyọ́ọ̀nù, ó ti tú aago ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Aago ọ̀hún ṣẹ́ súkúrù kan kù nígbà tó tò ó padà tán, síbẹ̀ kò fi ìṣẹ́jú kan falẹ̀ láti ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀ka wá, àwọn yòókù ń wo géètì, òun ń wo abẹ́ gíláàsì. Ó bi ẹni tó ń fi í síbẹ̀ ní ìbéèrè títí tí onítọ̀hún fi rẹ́rìn-ín tó sì ṣàlàyé. Iná kékeré kan wà lábẹ́ gíláàsì, ojú kámẹ́rà kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Àwọn ìlà orí ìka ni ojú náà ń wá. Ibi tí ìlà bá ga, ó kan gíláàsì. Ibi tó bá jìn, kò kàn án. Bó ṣe ń kà á nìyẹn, bí ẹni ń kàwé.

"Ìwé tí wọ́n bá ti fọ̀ nù ńkọ́?" ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ bi ara rẹ̀ báyìí.

Ó wá pẹ́ńsù kan, ó fi abẹ fá òjé rẹ̀ sórí pépà títí ó fi di lẹ́búlẹ́bú dúdú. Ó ti àtàǹpàkò ọ̀tún bọ̀ ọ́, ó fi sẹ́lótéèpù bò ó, ó ká a kúrò, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé funfun. Òun àti ọkọ rẹ̀ forí kan ara wọn lórí rẹ̀. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Àmì dúdú náà dán bọ̀rọ́ bí ẹyin tí wọ́n bó.

"Ó ti tán," ni ọkọ rẹ̀ wí. "O ò ní ìka mọ́. O lè jalè báyìí, kò sẹ́ni tí yóò mú ẹ."

"Ẹ jẹ́ kí n ráyè."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí kò ti fọwọ́ kan ọṣẹ fún ọjọ́ méjì, ó tún ṣe é. Ìlà ti yọ, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí aporo oko tuntun. Ọjọ́ Ajé, ẹ̀rọ gbà á wọlé láìjanpata. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìlà ṣì wà, ṣùgbọ́n etí wọn ti ń parẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìdajì ló kù. Ọjọ́rú, ẹ̀rọ kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó gbà nígbà kẹta. Ó gba ìka àwọn tí wọ́n jọ ń fọ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ó wá gba ti Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe rí lọ́jọ́ Ajé náà ló rí lọ́jọ́rú, ìlà rẹ̀ dúdú, ó ṣe kedere, ó lẹ́wà bí iṣẹ́ ọnà.

"Ẹ wò ó!" ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí, tó gbé ìwé náà sókè. "Wọ́n ń pè mí lọ́lẹ. Ìtọ́jú ara ni mo ń ṣe!"

Ìyá Ọlọ́ṣẹ wá rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gba ìka wọn sínú ẹ̀rọ. Òrùlé ilé ìfọṣọ ti ń jò nígbà náà, wọ́n ti ibẹ̀ pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti tún un ṣe, ibòmíràn ni wọ́n ń kó aṣọ lọ. Àárọ̀ tí wọ́n padà wọlé, kí ẹnikẹ́ni tó ti ọwọ́ bọ omi, ni wọ́n ní kí wọ́n wá tẹ̀ka. Ọwọ́ tó ti sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀rọ mọ̀. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́, wọn ò fi hàn án rí. Bí èèyàn bá ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ á ṣe máa gbàgbé rẹ̀ sí.

Ó jókòó lórí ọpọ́n tó dojú dé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ga rárá. "Wọ́n kọ́ wa pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀hún náà ni wọ́n wá fi ń lé wa lọ."

Lọ́jọ́bọ̀, ìgbà kẹta náà ni ẹ̀rọ tó gba Ìyá Ọlọ́ṣẹ wọlé, ọjọ́ yẹn sì ni Ẹnjiníà tó ń mójú tó ẹ̀rọ náà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọbìnrin kan ni, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sì mọ̀wàhù. Ìyá Ọlọ́ṣẹ kó ìwé rẹ̀ dání, ó wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá bá wọn. Àwọn yòókù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ wọn ṣì ń kán omi sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dùn yín," ni Ẹnjiníà wí. "Ẹ̀rọ yìí dáa. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, ẹnì kan péré ni kò ní dá mọ̀."

"Àwa mọ́kànlá la wà níbí. Méje ló ń kọ̀. Ọgọ́rùn-ún mélòó lẹ kó wa pọ̀ mọ́?"

Ẹnjiníà gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta lẹ fi dán an wò kí ẹ tó gbé e wá?"

"Àwa tí a wà lọ́fíìsì, Ìyá."

"Kí lẹ ń fi ọwọ́ yín ṣe lọ́fíìsì?"

"A ń tẹ kọ̀ǹpútà."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kígbe láti ẹ̀yìn: "Ẹ bá mi béèrè bóyá àyè wà níbẹ̀!"

Ẹ̀rín sọ, ṣùgbọ́n Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti tẹ́ ìwé sórí tábìlì, ti ọjọ́ Àìkú lókè, ti ọjọ́rú nísàlẹ̀. Ẹnjiníà tẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbé ọ̀kan, ó gbé èkejì, ó gbé wọn sí ojú fèrèsé.

"Wọ́n sọ fún wa pé ẹ̀rọ ló ń fọ aṣọ níbí," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Kò sẹ́ni tó sọ pé ọwọ́ lẹ fi ń fọ̀ ọ́."

"Ẹ ò sì bi wá."

"A ò bi yín, Ìyá. Òótọ́ ni." Ó yíjú sí Ọ̀gá. "Ó ṣeé tún ṣe o. Ìka kékeré ọwọ́ òsì wọn á ṣì ní ìlà. Mo tún lè fi káàdì kún un. Ṣùgbọ́n olú ilé-iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Ọ̀la ni KÒ WÁ kẹta tèmi," ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ wí.

Ọ̀gá nu ojú. "Ìyá, ẹ ò ṣe sinmi lọ́la, kí ọwọ́ yín tu díẹ̀?"

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Bí mo bá sinmi, ẹ̀rọ á ní mi ò wá. Bí mo bá ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ á ní mi ò wá. Èwo ni kí n mú níbẹ̀?"

"Kì í ṣe èmi, Ìyá. Ẹ̀rọ ni."

"Mo mọ ẹ̀rọ o. Mo ti tú wọn, mo ti tò wọ́n. Mi ò tíì rí ẹ̀rọ kan tó ń wí pé kì í ṣe òun. Èèyàn nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀." Ó ń kó ìwé rẹ̀ jọ, kò kánjú. "A ò ní kí ẹ gbé e dà nù. Ohun tó dáa ni, ọgbọ́n orí èèyàn ló ṣe é, inú mi sì ń dùn tí mo bá rí iná rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ yòówù tó bá lágbára láti sọ fún èèyàn pé rárá, kí èèyàn kan jókòó tì í tó lágbára láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí onítọ̀hún ní ojú, kí ó ní etí, kó sì jẹ́ ẹni tí a lè bá jà. Ìgbà mìíràn tí ẹ bá sì fẹ́ ra ẹ̀rọ fún ọwọ́ wa, ẹ kọ́kọ́ wá wo ọwọ́ wa."

"Olú ilé-iṣẹ́ ò ní gbà," ni Ọ̀gá wí.

"Ó dáa. Èmi náà ò gbà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Ọlọ́ṣẹ dé ṣáájú gbogbo wọn. Ó gbé ọpọ́n mẹ́ta lérí ara wọn, búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ wà nínú èyí tó wà lókè. Ó kọjá níwájú ẹ̀rọ ìtẹ̀ka láìwò ó. Ó lọ síbi ẹ̀rọ omi tó wà ní ìta ògiri, níbi tí wọ́n ti ń fọ kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó to ọpọ́n síbẹ̀, ó ṣí omi sí wọn. Nígbà tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn já aṣọ ìdọ̀tí sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò jẹ́ kó wọlé. Ó fa ìdì kan, ó tú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀.

Àwọn yòókù bá a níbẹ̀.

"Ìyá, kí lẹ ń ṣe níta?"

"Mò ń ṣiṣẹ́. Inú ilé yẹn ni wọ́n ti ní mi ò wá. Níbí yìí, gbogbo èèyàn ló ń rí mi. Ẹ ò jẹ mí ní gbèsè o. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá fẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́, kó lọ."

Obìnrin tó máa ń sá aṣọ lókùn bá a fa ìdì kejì. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹlòmíràn ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Bó ṣe ń lọ nìyẹn, títí ó fi ku Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìkan níwájú géètì. Ó gbé àtàǹpàkò sókè gíláàsì. Gbogbo wọn ń wò ó.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Ohun kan ṣoṣo tó mọyì mi láyé yìí nìyí."

Ó wo ìka náà. Ó wo àwọn tó ń wò ó. Ó mí kanlẹ̀, ó ki ìka bọ àpò, ó sì rìn wá síbi ẹ̀rọ omi. Ohun tó wá ṣe lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ di òní: ó ti kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé, òógùn bò ó, kò sì sẹ́ni tó rán an.

Nígbà tí agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀, Ìyá Kékeré yọ ní kọ̀rọ̀ òpópónà. Ó ti gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò. "Bàtà mi ni mo wá mú," ni ó wí. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé lọ gbé e jáde fún un. Ó wọ̀ ọ́, kò sì lọ. Ó tẹ̀ síwájú ọpọ́n tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ ń lò, ó ti ọwọ́ bọ omi.

"O ti pẹ́ o," ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ wí.

"Oṣù kan péré ni."

Ọ̀gá jáde tòun ti fóònù lọ́wọ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ẹ̀rọ ní a ò wá," ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ dáhùn, kò gbójú sókè. "Ẹni tí kò wá, báwo ló ṣe fẹ́ wọlé?"

"Mo máa pe olú ilé-iṣẹ́ o!"

"Ẹ pè wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé àwọn tí kò wá síṣẹ́ ń fọ aṣọ."

Ẹ̀rín bú nídìí ọpọ́n mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá kẹ́yìn sí wọn. Ó tẹ nọ́ńbà, ó gbé fóònù sétí, ó tẹ́tí. Ohùn ẹ̀rọ kan ló ń dá a lóhùn níbẹ̀: kó tẹ ọ̀kan, kó tẹ èjì, kó dúró. Ó dúró. Orin ń dún. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó rìn yí ọgbà ká pẹ̀lú fóònù létí fún bíi wákàtí kan, kò sì rí ohùn èèyàn kan bá sọ̀rọ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ń wò ó láti ibi tó wà. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ó pọn omi tútù sínú ife, ó fi rán Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí i.

Aṣọ funfun kún orí okùn, ó kún orí ọgbà, oòrùn ń gbẹ ẹ́. Ní agogo mẹ́rin, nọ́ọ̀sì àgbà láti ilé ìwòsàn wá gba aṣọ. Ó mú ọ̀kan, ó gbé e sójú oòrùn, ó wá àbàwọ́n títí. Ó mú òmíràn láti àárín ìdì. Ó mú ti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun gba ọgọ́jọ aṣọ ibùsùn, gbogbo wọn mọ́, ó fọwọ́ sí i, ó nà án sí Ọ̀gá kí òun náà fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá gba ìwé náà. Pépà mìíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ máa ń pọ̀ jáde lójoojúmọ́ tí ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kó tó lọ sílé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbọnrangandan: ÀWỌN TÓ WÁ SÍṢẸ́ LÓNÌÍ: ÒDO.

Ó wo ìwé kan, ó wo èkejì. Ó gbójú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí àwọn tó wà níwájú rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Méjìlá," ni ó wí.

"Méjìlá," ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ tẹ̀ lé e. "Méjèèjì ò lè jẹ́ òótọ́, Ọ̀gá. Yálà kò sẹ́nì kankan níbí tí aṣọ fi fọ ara rẹ̀, tàbí a wà níbí. Ẹ fọwọ́ sí èyí tójú yín rí."

Ọ̀gá fa bírò yọ lápò. Ó fọwọ́ sí ìwé nọ́ọ̀sì. Ó wá yí pépà ẹ̀rọ sí ẹ̀yìn, níbi tó funfun, ó gbé e lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò kọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè fi ránṣẹ́ sí olú ilé-iṣẹ́ pé wọ́n wá. Nígbà tó kan Ìyá Ọlọ́ṣẹ, bírò dúró.

"Ìyá," ni ó wí, ojú sì tì í, "kí lorúkọ yín gan-an?"

Ọdún mọ́kàndínlógún. Ìyá Ọlọ́ṣẹ nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó súnmọ́ ọn, ó sì pe orúkọ náà fún un, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi kọ ọ́ tán, kò fi ọ̀kankan sílẹ̀.

Nígbà tí ó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀ka.

Àga onígi ni, tí apá rẹ̀ kan ti ń mì. Ìwé kan àti bírò wà lórí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n ń nawọ́ sí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, Ìyá! Ẹ ti ṣẹ́gun!" Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti fẹ́ máa jó.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ wo àga náà dáadáa. Ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ gíláàsì. Ọwọ́ rẹ̀ ti sinmi fún ọjọ́ méjì, pépà tí Ọ̀gá kọ orúkọ wọn sí ò sì jẹ́ kí olú ilé-iṣẹ́ yọ orúkọ rẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé tàn lójú ẹsẹ̀, géètì ṣí gbayawu. Kò wọlé.

"Ìyá, ó ti gbà yín!" ni Ìyá Kékeré wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé lónìí. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń gbà mí." Ó gbé ìwé àti bírò kúrò lórí àga, ó dì wọ́n mú. "Àga ni mo rí. Mi ò rí èèyàn."

Géètì dúró ní ṣíṣí fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí kò mọ ohun tí yóò ṣe, ó sì tún pa dé. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Géètì tún ṣí. Ìyá Ọlọ́ṣẹ tún dúró síbi tó wà. Kò sí ẹni tó kọjá rẹ̀ wọlé. Inú ilé, àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́rin ti gbóná sílẹ̀ dè wọ́n. Aṣọ ti ń kún lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì tó ṣí lókè. Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá àti ife tíì lọ́wọ́. Ó wo gbogbo wọn. Ó fi ẹsẹ̀ dán àga wò bóyá á gbà á, ó jókòó sínú rẹ̀, ó sì na ọwọ́ gba ìwé àti bírò lọ́wọ́ Ìyá Ọlọ́ṣẹ.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá," ni ó wí, ó sì pè é ní orúkọ rẹ̀ gan-an. "Ẹ wá."

"Mo wá," ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ dáhùn. Ó dúró títí ó fi rí i pé ó kọ ọ́ sílẹ̀, kó tó wọlé. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí tíì yẹn tutù o, Ọ̀gá. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí Ẹnjiníà dá, ibẹ̀ lẹ máa wà."